Bí o ṣe lè kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eléré ìdárayá ní yunifásítì, láti Ìkòròdú

Ní gbogbo pápá tó wà láti Ìtàmàga títí dé Ìjẹdé, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe ẹni tó bá gbé báàgì ìtọ́jú dání: físíò. Wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣan tó fà àti iṣan tó já. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Ohun tó wà nínú báàgì mi kò ju Aboniki, píọ̀ wọ́tà dídì mẹ́ta àti bándéèjì kan tí mò ń fọ̀ ní alaalẹ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa fi ẹsẹ̀ rọ́ lórí pápá. Mo fi Aboniki ra á, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa bí mo ṣe rí i tí àwọn àgbà ń ṣe, ó sì padà sínú eré. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, ẹsẹ̀ náà ti wú dé ojúgun. Eegun ló ti sán. Oṣù mẹ́rin ni kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ò bínú sí mi rárá, ńṣe ló ń dúpẹ́ pé mo gbìyànjú. Ìdúpẹ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Òun ló mú mi lọ kàwé.

Àbúrò mi tó wà ní SS2 tàbí SS3, àti ìwọ tó ti ṣe WAEC tán tí o ṣì ń gbé báàgì tẹ̀lé tíìmù kiri, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti sọ pé eré ìdárayá lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a kà á, torí owó yín àti ọdún rẹ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ohun tí òfin gbà kí ọwọ́ rẹ ṣe

Ibí ni mo ti fẹ́ kí o fara balẹ̀ jù, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí dá dúró gedegbe. Athletic trainer ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é. Ọdún 1950 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn, NATA, sílẹ̀, ó sì di 1990 kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà tó gbà pé iṣẹ́ ìlera ni iṣẹ́ wọn. Kì í ṣe ẹni tó ń darí ènìyàn ní jíìmù ni mò ń wí. Òun ló ń ṣọ́ eléré kí ìfarapa tó dé. Òun ló ń kọ́kọ́ sáré dé ibi tí eléré ṣubú sí. Òun ló ń mú un bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, òun náà ló sì ń dúró níwájú kóòṣì tó ń kanjú pé, “Ọmọ yìí kò tíì lè gbá bọ́ọ̀lù lónìí.”

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn pín sí ọ̀nà méjì ní yunifásítì, bí o bá sì ti gba ọ̀kan, kò rọrùn láti ré kọjá sí èkejì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni Physiotherapy. Ní Èkó níbí, College of Medicine ti UNILAG ní Ìdí-Àrábà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ ọ láti 1966. Ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, abẹ́ ẹ̀ka Medical Rehabilitation lo ti máa rí i. Ọdún 5 ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn ilé-ìwé kan ti bọ́ sí Doctor of Physiotherapy tó jẹ́ ọdún 6. Lẹ́yìn náà, wàá ṣiṣẹ́ ọdún kan ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àbójútó kí o tó lọ sìnrú ìlú. Àjọ MRTB, tí òfin 1988 dá sílẹ̀, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ yẹn lè yẹ aláìsàn wò, kó pinnu ìtọ́jú, kó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀nà kejì ni Human Kinetics. UNILAG ní Akọka ní in, LASU ní Ọ̀jọ́ ní in, Ìbàdàn àti Ìlọrin náà ní in. Ọdún 4 ni. Abẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ló sábà máa ń wà, nítorí náà wọ́n á rán ọ lọ kọ́ni ní ilé-ìwé gírámà fún ìgbà díẹ̀. Má ṣe fojú kéré ìyẹn: ẹni tó bá lè mú kí ọmọ JSS2 ogójì dákẹ́ lórí pápá, tíìmù kò ní ṣòro fún un. Wàá kọ́ bí ara ṣe ń rìn, bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń gba wàhálà, bí a ṣe ń ṣètò ìdánrawò, ìtọ́jú pàjáwìrì, oúnjẹ eléré, àti ohun tó ń lọ lọ́kàn eléré tó ti farapa. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di físíò. Bí gbogbo Ìkòròdú bá ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí pápá, jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́. Ìwọ má kọ ọ́ sára káàdì rẹ, má sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórúkọ rẹ̀. Òfin ń ṣọ́ orúkọ yẹn.

Báwo lo ṣe máa yàn? Bí Físíìsì àti Kẹ́mísírì kò bá dẹ́rù bà ọ́, tí ilé yín sì lè gbé ọdún 6 tàbí 7 kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, lọ kọ́ Physiotherapy, kí o wá dojú kọ eré ìdárayá nígbà tó bá yá. Bí ó bá jẹ́ pé orí pápá gan-an ni ọkàn rẹ wà, bí a ṣe ń mú ara le, bí a ṣe ń dènà ìfarapa, bí a ṣe ń bá tíìmù gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí rẹ̀, Human Kinetics ni tìẹ. Òun ni èmi kà, n kò sì kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tó wọ ibẹ̀ nítorí pé JAMB wọn kò gbé wọn dé Ìdí-Àrábà, tí wọ́n wá ń fi ọdún mẹ́rin ṣọ̀fọ̀ kọ́ọ̀sì tí wọn ò rí, tí wọn kò sì kọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Láti Ìkòròdú, BRT lè gbé ọ já sí Fádéyì, kí o sì gba ibẹ̀ dé Akọka. Ó ṣeé ṣe láti máa ti ilé lọ bí o bá lè kúrò nílé kí aago 5 tó lù. Ti LASU ní Ọ̀jọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Má tan ara rẹ jẹ pé wàá máa lọ wàá máa bọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ ti ṣírò owó ilé mọ́ owó ilé-ìwé láti ìsinsìnyí.

Ìgbésẹ̀ kejì: JAMB

Èyí kò pẹ́. Fún Physiotherapy, èdè Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì ni wàá ṣe ní UTME, wàá sì ní kírẹ́díìtì nínú wọn àti nínú Ìṣirò. Fún Human Kinetics, ohun tí ilé-ìwé kan ń béèrè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ṣí IBASS, ibi tí JAMB kó gbogbo rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o fi ojú ara rẹ kà á. Má gbà á gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń bá ọ fi orúkọ sílẹ̀ ní káfẹ́, torí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó bá ṣì lè gba odindi ọdún lọ́wọ́ rẹ. Ọdún 16 ni ọjọ́ orí tó kéré jù láti wọlé.

Ẹni tó bá ti ní NCE nínú Physical and Health Education lè gba Direct Entry, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Nípa owó, NELFUND ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé ìjọba lówó láìsí èlé: wọ́n ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, ₦20,000 sì wà lóṣooṣù fún ẹni tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà. Gbèsè ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹ jọ jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nílé kí o tó tẹ bọ́tìnnì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí lẹ́tà tó dé, kọ́ ohun tí o kò gbọ́dọ̀ ṣe

Láàárín JAMB àti ọjọ́ tí wàá wọlé, oṣù púpọ̀ wà. Má fi wọ́n ṣòfò. Forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọ̀ Red Cross. Lẹ́yìn náà, tún báàgì rẹ tò.

Yọ Aboniki àti Robb kúrò lókè, tì wọ́n sísàlẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìfarapa, ohun mẹ́rin ni kò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀: ìgbóná, ọtí, eré sísá, àti títẹ̀ tàbí fífi ọwọ́ ra á. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ti já nínú ibi tó rọ́. Bí o bá mú un gbóná tí o tún ń tẹ̀ ẹ́, ńṣe lò ń ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀jẹ̀ kó túbọ̀ ya síbẹ̀. Ohun tí mo ṣe fún ọmọ àdúgbò wa nìyẹn, pẹ̀lú ìfẹ́ àti gbogbo agbára ọwọ́ mi.

Kí wá ni ṣíṣe? Dá eré dúró. Fi píọ̀ wọ́tà dídì lé e, kí aṣọ wà láàárín òun àti awọ ara, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wé e pẹ̀lú bándéèjì, àmọ́ má fún un débi pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa tutù. Gbé ẹsẹ̀ náà ga. Ìlànà yìí ti pẹ́. Dókítà Gabe Mirkin ni ó fún un ní orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí, RICE (Rest, Ice, Compression, Elevation), ní 1978. Òun kan náà ló tún jáde ní 2014 tó sọ pé yìnyín tó bá pọ̀ jù lè fa ìwòsàn sẹ́yìn, pé dídín ìrora kù ló dára fún jù. Wo irú ọkàn bẹ́ẹ̀: ẹni tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé padà wá tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Nítorí irú èyí ni mo ṣe ń sọ pé kíkàwé kò ṣeé fi báàgì àti ìrírí rọ́pò.

Wàá tún kọ́ bí o ṣe ń mọ ẹsẹ̀ tó yẹ kí wọ́n yà ní fọ́tò X-ray. Ọwọ́ àti ojú rẹ nìkan lo nílò. Ní kókósẹ̀ ti inú àti ti òde, fi ìka tẹ etí ẹ̀yìn eegun náà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Bí orí eegun gan-an bá ń dùn ún, tàbí bí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, kó máa lọ sí ilé ìwòsàn. Ìbá ṣe pé mo mọ èyí lọ́jọ́ Sátidé yẹn, General Hospital Ìkòròdú ni ǹ bá gbé ọmọ náà lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn bàbá wa tó ń to eegun, àwọn kan nínú wọn gbọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Àmọ́ kí X-ray ṣáájú ọwọ́ ẹnikẹ́ni, títí kan ọwọ́ tèmi.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọdún méjì àkọ́kọ́, eegun àti iṣan

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ló ń lé àwọn ènìyàn sá. Orúkọ Látíìnì lórí orúkọ Látíìnì, ìdánwò sì sún mọ́lé. Ọ̀nà tó ràn mí lọ́wọ́ kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fún mi: mo ń fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Sábó. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ fún un, n kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ńlá. “Màámi, eegun itan ló wà lókè, eegun ojúgun ló wà nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti pàdé, kèrékèrè wà láàárín wọn bí tìmùtìmù kí wọ́n má baà ha ara wọn. Iṣan kan wá gba àárín orúnkún kọjá, ó so méjèèjì pọ̀ kí ojúgun má baà yọ síwájú. Ìyẹn ló já nínú orúnkún agbábọ́ọ̀lù tó bá yí lójijì tí bàtà rẹ̀ há sínú ilẹ̀.” Ìyá mi á bi mí pé, “Kí ló dé tí kò fi ń jinná fúnra rẹ̀ bí iṣan yòókù?” Ìbéèrè yẹn gbé mi lọ sí láíbírì lọ́jọ́ kejì. Ohun tí o kò bá lè sọ fún ìyá rẹ ní èdè rẹ, o ò tíì mọ̀ ọ́n.

Fi ọwọ́ kà á lára pẹ̀lú. Wá ọ̀rẹ́ kan, ẹ máa wá iṣan àti oríkèé lára ara yín, ẹ máa pe orúkọ rẹ̀ jáde. Fi ìka tọ iṣan ẹ̀yìn itan láti ìdí títí dé ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Ẹni tó bá mọ bí ara tó dá ṣe rí lábẹ́ ìka ló máa mọ èyí tó ti bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: so ara rẹ mọ́ tíìmù

Má dúró de ọdún kẹrin. Láti ọdún kejì, wá tíìmù kan ní Ìkòròdú tí wàá máa bá lọ ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Má kọ́kọ́ wo òkè. Lóòótọ́, Ikorodu City FC ti wọ NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà, láti sáà 2024/25, Onikan ni wọ́n sì ti ń gba àlejò, inú wa dùn pé orúkọ ìlú wa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíìmù àwọn ọmọ ọdún 14 ní Igbógbó tàbí Ìmọ̀ta, tí kò ní ẹnikẹ́ni, ni yóò jẹ́ kí o fọwọ́ kan iṣẹ́ gan-an.

Bí o bá dé ọ̀dọ̀ kóòṣì, dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ, kí o sì sọ ohun tí o wá ṣe ní kúkúrú: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ Human Kinetics ni mí, ọdún kejì. Mi ò wá gba iṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo fẹ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín kí n máa mú ara àwọn ọmọ yìí gbóná fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, kí n sì máa kọ ìfarapa wọn sílẹ̀.”

Èyí tí mo kọ́kọ́ bá sọ ọ́ fèsì pé, “Ogún ìṣẹ́jú kẹ̀? Ilẹ̀ á ti ṣú.”

Ìdáhùn wà fún un, Èkó níbí ni wọ́n sì ti rí i. Ìlànà ìmáragbóná kan wà tí FIFA ń pè ní 11+. Ìṣẹ́jú 8 ni wọ́n fi ń sáré jẹ́jẹ́ pẹ̀lú nína ara, ìṣẹ́jú 10 fún agbára ẹsẹ̀ àti ikùn, fífò àti dídúró lórí ẹsẹ̀ kan, ìṣẹ́jú 2 tó kù fún eré sísá tó yá díẹ̀. Àwọn onímọ̀ dán an wò láàárín tíìmù 20 nínú Lagos Junior League, àwọn ọmọkùnrin 416 tó wà láàárín ọdún 14 sí 19, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Ìfarapa dín kù pẹ̀lú ìpín 41 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ bíi tiwa ni, lórí pápá bíi tiwa. Mo sọ èyí fún kóòṣì náà, ó wò mí títí, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè.

Ra ìwé àkọsílẹ̀ kan. Fún ìfarapa kọ̀ọ̀kan, kọ déètì, ọjọ́ orí, ẹ̀yà ara, ọ̀tún tàbí òsì, bó ṣe ṣẹlẹ̀, ohun tí o ṣe, ibi tí o rán an lọ, àti iye ọjọ́ tí kò fi gbá bọ́ọ̀lù. Fi nọ́ńbà dípò orúkọ, nítorí àṣírí aláìsàn ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú tèmi, mo rí i pé ìdajì àwọn tó fi ẹsẹ̀ rọ́ ló rọ́ nítòsí ibi kan náà, níbi tí ilẹ̀ ti jìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú gólù. Yẹ̀pẹ̀ báróò mẹ́rin la fi tọ́jú ìfarapa yẹn.

Nípa ọwọ́ tún ni: àwọn ọmọdé ni púpọ̀ nínú wọn. Sọ ohun tí o fẹ́ ṣe kí o tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, kí o sì gba àṣẹ rẹ̀. Má tọ́jú ọmọdé níbi kọ́lọ́fín tí àgbà mìíràn kò ti lè rí yín. Àwọn tíìmù ọmọbìnrin ń pọ̀ sí i, wọ́n sì nílò àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àbúrò mi obìnrin, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: múra de ìṣẹ́jú tó burú jù

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 1989, Samuel Okwaraji ṣubú lórí pápá National Stadium ní Sùúrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Angola gbá. Ó ku bí ìṣẹ́jú 13 kí eré parí. Kò dìde mọ́. Ní oṣù Kẹfà 2003, ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí Marc-Vivien Foé ti Cameroon ní Lyon. Ọkàn ni nínú ọ̀ràn méjèèjì. Gbogbo ènìyàn nílùú yìí tó ti dàgbà ló rántí ti Okwaraji, síbẹ̀ lọ sí pápá lọ́la, kí o béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń darí eré pé ta ni yóò pe áńbúláǹsì. Wàá rí i pé kò sẹ́ni tó ti yàn án.

Nítorí náà, kí eré kankan tó bẹ̀rẹ̀, dáhùn àwọn ìbéèrè yìí sórí ìwé: ta ni yóò pe 767 tàbí 112? Ta ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Mọ́tò ta ni yóò wà níbẹ̀ tí a kò fi ọkọ̀ mìíràn dínà mọ́? Bí Sábó bá dí lálẹ́ Sátidé, ọ̀nà wo la máa gbà dé General Hospital? Rin ọ̀nà yẹn fúnra rẹ lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí yẹn gan-an.

Eléré tó bá ṣubú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ lù ú, tí kò dáhùn, tí kò mí dáadáa, kà á sí pé ọkàn rẹ̀ ló dúró. Má da omi sí i lójú. Má fi ṣíbí tàbí ìka la ẹnu rẹ̀ pé ahọ́n ló gbé mì. Fi ìtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ara wọn ní àárín àyà rẹ̀, kí o tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àyà máa gbéra padà lẹ́yìn títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ti kọ́ fífẹ́ èémí, ìgbà 30 ní títẹ̀, ìgbà 2 ní fífẹ́. Bí AED, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná jí ọkàn, bá wà, kí ẹnì kan sáré gbé e wá. Ó máa ń rẹni, torí náà kọ́ àwọn ọmọ tíìmù náà kí wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ń fi tìmùtìmù àga kọ́ wọn.

Ooru náà ń pa ènìyàn. Eléré tí ara rẹ̀ gbóná janjan, tí ó ń sọ̀sọkúsọ tàbí tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lẹ́yìn eré ọ̀sán, mú ara rẹ̀ tutù kí o tó gbé e lọ. Ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá tàbí dírọ́ọ̀mù tó kún fún omi tútù ló dára jù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, da omi sí i lára láìdáwọ́ dúró, kí o sì máa fẹ́ ẹ.

Béèrè jẹ́ẹ́nótáìpù gbogbo wọn pẹ̀lú. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti di akọni eléré. Ṣùgbọ́n bí a bá lé e ré kọjá agbára rẹ̀ nínú ooru láìsí omi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè yí padà bíi ti SS, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀ láti gbé e. Ó yàtọ̀ sí iṣan tó ká: iṣan tó ká máa ń le gbagidi lábẹ́ ìka, ti AS máa ń rọ̀. Bí eléré AS bá ní òun kò lè lọ mọ́, má jẹ́ kí kóòṣì pè é ní ọ̀lẹ. Dá a dúró, fún un lómi, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ keje: oògùn

WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá, ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ADEL. Ṣe é kí o tó jáde yunifásítì. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2024, tramadol ti wọ inú ohun tí eléré kò gbọ́dọ̀ lò nígbà ìdíje, o sì mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti rí i rà. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, sọ fún eléré rẹ pé kó fi sílẹ̀ títí ìdíje á fi parí. Ìwé náà ṣe pàtàkì bí oògùn: ní Olympics Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021, eléré Nàìjíríà mẹ́wàá ni kò lè díje, torí pé wọn kò tíì ṣe iye àyẹ̀wò tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ṣáájú. Kò sẹ́ni tó ní wọ́n lo oògùn. Àyẹ̀wò ni kò pé. Iṣẹ́ ẹni bíi tiwa ni láti ka irú òfin bẹ́ẹ̀ kí ó tó di ẹkún.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn ìwé

Nígbà tí o bá di àgùnbánirọ̀, béèrè kí wọ́n gbé ọ sí ilé-ìwé tó ní pápá. Ilé-ìwé aládàáni, akádẹ́mì bọ́ọ̀lù, jíìmù àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ ti máa ń kọ́kọ́ wá. Owó ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀, n kò ní parọ́ fún ọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ kóòṣì kún un, National Institute for Sports wà ní National Stadium, Sùúrùlérè.

Bí Amẹ́ríkà bá ń pè ọ́, mọ̀ pé ìlànà ti yí. Másításì ni ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà báyìí láti di athletic trainer. Àwọn ètò oyè àkọ́kọ́ kò gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́ lẹ́yìn ìgbà ìwọ́wé 2022. Ilé-ìwé tí CAATE, àjọ tó ń yẹ àwọn ètò ẹ̀kọ́ yìí wò, fọwọ́ sí ni kí o wá, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò BOC tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Wọ́n á béèrè bóyá o ti ka Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì, Físíìsì, ìmọ̀ ìrònú àti ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ní yunifásítì. Nítorí náà, bí o ti wà ní ọdún kejì, lo àyè kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà ọ́ láàyè láti yàn fi mú àwọn tí kò sí nínú tìrẹ. Ẹni tó bá ti di físíò níbí tó sì ń wo ìlú Ọba, HCPC ni àjọ tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ibi yòówù kí o fojú sí, kí o tó kúrò ní ọgbà yunifásítì lẹ́yìn ìdánwò ìkẹyìn, lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka rẹ, kí o gba àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kí o gbà. Àwọn ilé-ìwé òkèèrè máa ń béèrè rẹ̀, gbígbà á nígbà tí o bá ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn lè gba oṣù púpọ̀. Fi ọ̀kan sínú fáìlì pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ìfarapa rẹ, kí o sì kó èkejì fún ìyá rẹ kó bá ọ fi pamọ́.